Yàrá Karùn-ún

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá bàbá mi ní Òkè-Fìà. Tí o bá ti ṣílẹ̀kùn, á ti wọ̀ ọ́ nímú kí ojú rẹ tó ríran nínú òkùnkùn ibẹ̀, nítorí títì ni fèrèsé rẹ̀ máa ń wà látọdún dé ọdún. Àpótí onírin mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lórí ara wọn, ẹní kan tí wọ́n ká tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti ibùsùn onírin àtijọ́ kan tó máa ń ké tí èèyàn bá jókòó lé e. Bàbá bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tó ti Iléṣà ru ìdì aṣọ wá tà ní Òṣogbo títí tó fi kọ́lé síbẹ̀, ló fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́ yàrá náà kó tóbi ju yàrá mẹ́sàn-án yòókù lọ. Ó ní kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kejì sí i lápá ẹ̀yìn, níbi tí igi ọsàn wà, kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè máa wọlé kó sì máa jáde láì gba ojú gbogbo èèyàn kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ọmọ-osú ni wọ́n ń pè é. Ọmọ-osú ni gbogbo obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé, ì báà ti relé ọkọ, ì báà má tíì lọ.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbé yàrá náà. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n dé dáadáa, nítorí orí igi ọsàn ni mo wà. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú àpótí kan lórí, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí, wọ́n sì wọ inú yàrá lọ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Bàbá mi kàn yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ pọnmi sínú ìkòkò yàrá yẹn, ó parí síbẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ìbòkun, tí yàrá náà sì tún padà di ti àpótí àti káfúrà. Ọmọdé ni mí, mo rò pé họ́lídè ni wọ́n wá lò. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín lónìí ni pé mo dàgbà, mo gbéyàwó, mo bímọ, n kò sì fìgbà kankan padà yẹ èrò ọmọdé yẹn wò.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì ṣe wọ Òṣogbo. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń sún mọ́lé, àlejò á máa ya wọ̀lú láti Èkó, láti Àbújá àti láti òkè òkun, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì á kún, àwọn mìíràn á máa lọ sùn títí dé Iléṣà. Ni ẹnìkan ní àdúgbò wa bá kun yàrá méjì ní funfun, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó gbé àwòrán wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó máa bọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi rí i pé èrè ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lára àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ayálégbé ń mú wá lọ́dún. Iṣẹ́ bánnà títẹ̀ ni mò ń ṣe, èmi ni mo sì tẹ pátákó fún mẹ́rin nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ara ń ta mí. Èmi rèé tí mò ń gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí bàbá mi ti kú tó fi síkàáwọ́ mi, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì wà lókè òkun, tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹ̀ bó bá ṣe yẹ. Kí ni mo tún ń wò?

Èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kékeré ń lo yàrá mẹ́ta, ayálégbé wà nínú mẹ́fà, ẹ̀kẹwàá sì ni yàrá ọmọ-osú. Bí ọdún àwọn ayálégbé ṣe ń pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ fún wọn pé mo fẹ́ẹ́ lo yàrá mi. Mẹ́rin ló kó jáde kí ọdún kan tó yí po: tíṣà méjì, télọ̀ kan, àti ọ̀dọ́mọbìnrin nọ́ọ̀sì kan. Àwọn tíṣà bínú, wọn ò sì fi pa mọ́. Ti nọ́ọ̀sì yẹn ló wọ̀ mí lára. Ó kó ẹrù rẹ̀ tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọmọ yín tí mo máa ń gún lábẹ́rẹ́ láì jẹ́ kó sunkún, ẹ ṣáà wá àlejò tó máa bá yín ṣe ìyẹn.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run á pèsè. Ó lọ gba yàrá sí ibi kan lẹ́yìn ìlú, ibi tí kẹ̀kẹ́ méjì ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa náà kò gbé ọ̀rọ̀ mì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ ra búrẹ́dì, ó kàn wò mí títí. “Ẹ̀yin onílé ń ṣe dáadáa o,” ló wí. “Àwọn tíṣà yẹn, àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró níbi tí ẹ dúró sí yìí. Àlejò yín dé lánàá, ọ̀kadà ló gbé oúnjẹ wá fún un láti hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́túnla á ti lọ. Ta wá ni kí n máa tà fún?” Mo dá a lóhùn pé alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì títì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ń rí ṣe. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Aṣọ ìbùsùn àwọn àlejò ló sọ alágbàfọ̀ yẹn dẹni tó gba ọmọṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ilé mẹ́rin ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ti dákẹ́ ní ojú títì wa, tí kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ ní ìdájí, tí kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Mo rí i, mo sì gbé búrẹ́dì mi, mo lọ.

Ìgbà tí yàrá mẹ́rin kún fún àlejò tó sì tún ku àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ni ojú mi wá lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó tóbi, ó dá dúró, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, igi ọsàn wà lójú fèrèsé. Irú ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Èkó ń wá. Mo kó àwọn àpótí lọ sí òkè àjà, mo gbé ibùsùn onírin síta, mo kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn káfúrà tó jẹ́ kí òórùn ọ̀dà borí òun. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo to ìrọ̀rí mẹ́rin sí i gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lórí fóònù, bí ẹni pé orí mẹ́rin ni àlejò kan ní. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gbé e sórí Wọ́ọ̀sáàpù mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: “Ó ti ṣetán fún àlejò. Ẹ tètè gbà á.” Obìnrin oníṣòwò kan láti Èkó gbà á fún gbogbo ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìyàwó mi wo fọ́tò náà, ó ní, “Yàrá yẹn náà?” Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní kò sí.

Àsìkò yẹn ni òfin dé. Àwọn kánsù àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló jùmọ̀ gbé e kalẹ̀, wọ́n sì pè wá sípàdé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ka òfin náà fún wa bí ẹni ń ka àpèkọ fún ọmọ kíláàsì kejì. Gbogbo ilé tó bá ń gba àlejò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ àlejò sínú ìwé. Kò sí ilé tó gbọ́dọ̀ fi ju ìdajì yàrá rẹ̀ lọ sílẹ̀ fún àlejò, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé ayálégbé jáde mọ́ nítorí àlejò. Gbogbo ìyẹn ni mo gbé mì. Èyí tó há mi lọ́fun ni tàwọn ilé ẹbí: wọ́n ní kí olórí ọmọ-osú fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, tàbí kí ọmọ-osú mìíràn fọwọ́ sí i. Ohun tó fà á ni pé ní ilé kan ní òpópónà kejì, àwọn ọmọbìnrin ilé náà darí wálé nítorí ìsìnkú bàbá wọn, wọ́n bá àwọn àjèjì nínú gbogbo yàrá, wọ́n sì sùn sínú ọkọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní ṣé ẹ̀yin kò mọ̀ pé ilé ọkọ ni obìnrin ń gbé ni? Kí ló kan ẹni tó wà ní Ọ̀tan-Ilé nínú yàrá tó wà ní Òkè-Fìà? Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi dùn. Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. “Ọ̀gbẹ́ni oníbánnà,” ó ní, “ta ló ni yàrá tí ìyá rẹ bá fẹ́ẹ́ padà sí nílé bàbá tiẹ̀?” Mo ní ìyá mi kò padà síbì kankan. Ó ní, “Ó dáa, jókòó.” Mo jókòó, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ mẹ́wàá síbi tí wọ́n ti béèrè iye yàrá, mo kọ márùn-ún síbi tí wọ́n ti béèrè iye tó wà fún àlejò. Ìdajì géérégé. Ó ku ìfọwọ́sí.

Olórí ọmọ-osú ilé wa ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi Ìbòkun. Mo wọ mọ́tò lọ bá wọn ní Ọjọ́rú. Wọ́n ń sá kòkó níwájú ilé, òórùn rẹ̀ kíkan gba gbogbo àgbàlá, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe ń kí mi. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè ọmọ. Mo wá fa fọ́ọ̀mù yọ, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ láì dá mi dúró.

“Yàrá mélòó nínú ulé baba mi?” ni wọ́n wá bi mí.

“Márùn-ún, Màámi.”

“Èwo lẹ̀karùn-ún?”

Mo sọ fún wọn. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ da kòkó díẹ̀. “Mẹ́rin, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ nísinsìnyí,” ni wọ́n wí. “Márùn-ún, rárá.”

Mo ní kí ló dé, yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní ẹnìkan ló ni ín. Mo ní ta ni? Wọ́n ní ẹni tó ni ín mọ̀ pé òun lòún ni ín. Ẹ̀rín ń bọ̀ wá gbé mi, ìbínú sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, “Ọjọ́ tí mo dé lọ́jọ́sí, tí ùwọ wà lórí igi ọsàn, baba rẹ bi mí pé kí ni mo wá ṣe?”

“Rárá, mà.”

“O káre. Ọmọ-osú kì í tọrọ yàrá. Tó bá fi lè tọrọ ẹ̀, ó ti di àlejò nìyẹn.” Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, wọ́n di kòkó gbígbẹ díẹ̀ sínú ọ̀rá fún ìyàwó mi, bí ẹni pé ìyàwó mi ní ilé iṣẹ́ ṣokoléètì.

Mo fi gbogbo ojú ọ̀nà Òṣogbo ráhùn. Agídí àgbà ni mo pè é. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ẹ́ di yàrá kan mú nítorí pé wọ́n sùn síbẹ̀ rí. Kí mọ́tò tó wọ ìlú ni mo ti rántí pé òfin ní “tàbí ọmọ-osú mìíràn.” Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, tó ń ta àǹkárá ní Iléṣà, tó sì ti lé lọ́dún mẹ́jọ nílé ọkọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í jiyàn. Mo pè é lórí fóònù, mo ní kó wá bá mi fọwọ́ sí ìwé kan. Ó ní ìwé kí ni. Mo ní ti yàrá. Ó ní, “Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.” Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Mo rò pé aṣọ tó fẹ́ẹ́ tà ni. Ó ti rù, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àwàdà, mo ní ṣé àwọn oníbàárà Iléṣà ló ń jẹ ẹ́ lára ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò fi báàgì náà sílẹ̀ lọ́wọ́ títí tó fi jókòó, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e sí. Ìyàwó mi gbé omi tútù fún un, ó sì lọ jókòó tì í. Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, mo fún un ní bírò, mo fi ìka hàn án: orúkọ níbí, ibi tí ò ń gbé níbí, ìfọwọ́sí nísàlẹ̀.

Ó ka gbogbo fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ márùn-ún sí, ó dúró. Ó ní, “Ti ẹ̀yìn wà nínú ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló dára jù. Ó mi orí. Ó ní òun ti rí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù mi, ó mọ́ tónítóní. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ṣì rẹwà bíi ti ìgbà tó wà nílé ìwé. Ó gbé bírò lọ sí ìlà tó tẹ̀lé e, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé “Ibi tí ò ń gbé,” ó sì dúró síbẹ̀. Mo retí. Bírò náà kan ìwé, ó ṣe àmì dúdú kékeré kan, kò lọ síbì kankan. Ó gbójú sókè, ó wò mí, n kò sì tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni kí n kọ síbí?”

“Kí lo fẹ́ẹ́ kọ? Kọ Iléṣà, kọ nọ́ńbà ilé ọkọ rẹ.”

Ó ní, “N kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ kan ṣe ń pariwo kọjá lójú títì, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé inú pálọ̀ ló gbà. Àbúrò mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí òun ti kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ń ta aṣọ lòún ń sùn, òun sì ti di ẹrù òun ní ọ̀sẹ̀ kejì láti máa bọ̀ wálé. “Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ẹ́ wọ mọ́tò ni mo rí fọ́tò yàrá yẹn,” ó ní. “Ẹ kọ ọ́ pé ó ti ṣetán fún àlejò. Mo tú ẹrù mi.” Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láì dá mi lẹ́bi. Ó ní Màámi Ìbòkun nìkan lòún sọ fún, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn kò ní bá òun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ kì í ṣe pé ó ti kúrò nílé ọkọ, nítorí ìyẹn kì í ṣe òpin ayé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó ti fẹ́ẹ́ fọwọ́ sí i. Ká ní fọ́ọ̀mù yẹn kò béèrè ibi tó ń gbé ni, á fọwọ́ sí i, á mu omi rẹ̀ tán, á gbé báàgì rẹ̀, á dágbére fún mi, á padà lọ sùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀, èmi á sì sìn ín dé ojú títì, mo ń súfèé. Kò ní bi mí, torí ọmọ ilé ni, kò lè sọ ara rẹ̀ di àlejò lójú mi. Èmi náà kò ní mọ̀ láéláé. Ìlà kan péré lórí fọ́ọ̀mù tí mo ti bú àwọn kánsù nítorí rẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

N kò bi í ní ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ẹ́ bi í, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹ̀yìn eyín mi, ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi tó kàn yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, “Kọ adírẹ́sì ilé yìí síbẹ̀.” Ó ní, “Ilé yìí?” Mo ní, “Òkè-Fìà. Ibẹ̀ kọ́ lò ń gbé ni?” Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ìlà sórí márùn-ún, mo kọ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wá dìde, mo gbé garawa, mo lọ fa omi nínú kànga fúnra mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ gbé e sí yàrá ọmọ-osú. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún díẹ̀, láàárín ìrọ̀rí mẹ́rin yẹn. Nígbà tí mo padà dé pálọ̀, ó ti kọ adírẹ́sì, ó ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀, ìyàwó mi sì ń bu gààrí fún un bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo pe Màámi Ìbòkun. Kí n tó ṣàlàyé ni wọ́n ti ní, “Ó ti dé?” Mo ní ó ti dé. Wọ́n mí kanlẹ̀, mo sì gbọ́ ọ láti Òṣogbo. “O káre, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, ìyẹn nìkan. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní fún kí ni, ṣé mo ti fi kòkó yẹn ṣe ohun mímu?

Ó ku obìnrin Èkó tó ti gba yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ ọdún. N kò lè já a kulẹ̀, n kò sì ní yàrá mìíràn, ni mo bá fún un ní yàrá tèmi àti ìyàwó mi, àwa méjèèjì lọ sùn sí pálọ̀. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbádùn ọ̀sẹ̀ yẹn. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé, “Ọ̀gá onílé, ṣé ẹ sùn dáadáa lórí àga yín?” Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo fi òtítọ́ sọ fún ọ, n kò sùn oorun tó dùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Láti orí àga yẹn ni mo ti ń gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí ní ìdájí, tí àbúrò mi ń gbálẹ̀ ìdí igi ọsàn.

Ọkùnrin kánsù tó wá yẹ ilé wò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mi lọ́wọ́. Ó ka yàrá mẹ́wàá, ó wò mí. Ó ní, “Alàgbà, òfin gbà yín láyè fún márùn-ún. Kí ló dé tí ẹ fi kọ mẹ́rin? Yàrá ńlá ẹ̀yìn yìí ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹnìkan ń gbé ibẹ̀.”

Àbúrò mi lo ọdún kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú wa. Ó to àǹkárá rẹ̀ síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin oníbúrẹ́dì, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́ tí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó tún rí ṣọ́ọ̀bù ní Iléṣà, ó gba ilé tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì wà ní àlàáfíà. Òfin yẹn náà ti mọ́ wa lára. Àlejò ṣì ń wá nígbà ọdún, alágbàfọ̀ ṣì ń rí ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ilé ojú títì wa tún ti ń gba ayálégbé. Nọ́ọ̀sì yẹn ti padà sí àdúgbò, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ó bá mi pàdé lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ mi ti dàgbà kọjá ẹni tí abẹ́rẹ́ ń pa lẹ́kún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó sì tún ràn mí létí pé kẹ̀kẹ́ méjì lòún ń wọ̀.

Ọdọọdún ni wọ́n ń tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ. Ibùsùn onírin ti padà sí yàrá ẹ̀yìn, àwọn àpótí ti padà, òórùn káfúrà sì ti borí òórùn ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ lónìí. Ọmọbìnrin mi ti ń sọ̀rọ̀ yunifásítì, láìpẹ́ á máa sọ̀rọ̀ ilé ọkọ, mo sì ń gbàdúrà pé kó bá a níre, kó má ṣe nílò yàrá yẹn láéláé. Ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kánsù tuntun kan ló wá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí òfìfo àti àpótí, ó yí padà sí mi, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí irú yàrá báyìí máa wà lásán, ta ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dè? Mo ní n kò mọ̀. Mo sì kọ mẹ́rin.